Nọ́ńbà Ara Táyà Ẹ̀yìn: Láti Inú Igbó Rọ́bà Wa Dé Orí Páwà Báìkì

Ọ̀rọ̀ táyà la fẹ́ sọ lónìí, táyà ẹ̀yìn alùpùpù gan-an. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti fẹ́ fi ìka yí i kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀, torí ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní páwà báìkì, Kawasaki Ninja 650. Ó fẹ́ràn kó máa jáde nílùú Ìbàdàn ní ìdájí, kó gba Òjóò, kó kọjá Mọ́níyà àti Akínyẹlé, kó dé Ìrókò, kó mu omi, kó wá yí padà kí oòrùn tó mú. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn. Èyí tí báìkì náà bá wá láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 160/60. Ẹni tó ta tuntun fún un sọ pé 180/55 ló máa gbayì, pé yóò kún ẹ̀yìn báìkì dáadáa, àti pé owó méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Lóòótọ́, fọ́tò rẹ̀ dùn ún wò. Àwa náà tẹ "like" sí i.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó wọ Ìrókò, ó dé kọ́nà kan tó ti mọ̀ bí ẹni mọwó. Ó tẹ báìkì sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kò sí tírélà lẹ́yìn. Orúnkún bó, jákẹ́ẹ̀tì ya, díńgí kan fọ́, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà ló bá a ti báìkì náà dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà ni, abẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó sí. Ó wo táyà, ó wo rímù, ó tún wo táyà.

Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló wọ bàtà bàbá fún ọmọ báyìí?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bàbá, wọ́n ní bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dáa tó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ti ọ̀kadà lo ń sọ yẹn."

Nígbà tí mo débẹ̀ láti wá gbé e, gbólóhùn yẹn ni ọ̀rẹ́ mi ń tún sọ fún mi ṣáá. Ó wá di iṣẹ́ fún mi. Níbo ni àwa ti kọ́ ọ pé táyà ẹ̀yìn tó tóbi ló dára? Ta ló kọ́ wa? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn rẹ̀, ó sì gbé mi lọ síbi tí mi ò rò.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ iṣẹ́ bàbá náà bẹ̀rẹ̀. Fọkanáísà. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní òrìṣà kan tó ni iná àti àgbẹ̀dẹ. Vulcan lorúkọ rẹ̀. Ẹ lè pè é ní ìbátan Ògún, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ní 1839, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, rí i pé tí èèyàn bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tó sì fi iná sí i, rọ́bà náà kò ní yọ́ nínú ooru mọ́, kò sì ní gan paali nínú òtútù. Iṣẹ́ iná yìí ni wọ́n fi orúkọ òrìṣà iná náà pè. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó gbé táyà kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà láti Òjóò títí dé Ọ̀yọ́, ì báà jẹ́ àlùfáà, ì báà jẹ́ díákónì, orúkọ òrìṣà Róòmù ló ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Goodyear ní tiẹ̀ kò rí jẹ nínú rẹ̀. Ó kú ní 1860 pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ táyà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, 1898 ni àwọn ẹlòmíì tó dá a sílẹ̀.

Rọ́bà ti wá gbó tán, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló kù. Ará Scotland kan, Robert William Thomson, gba ìwé àṣẹ lórí táyà oníafẹ́fẹ́ ní 1845, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló wà nígbà náà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ó tó ọdún mẹ́tàlélógójì kí ará Scotland mìíràn, John Boyd Dunlop, tó jẹ́ dókítà ẹranko ní Belfast, tó wá ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ kò fi ní máa gbọ̀n jìgìjìgì mọ́. 1888 nìyẹn. Ó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ náà, wọ́n sì padà wá fagi lé e nígbà tí wọ́n rí i pé Thomson ti ṣe é ṣáájú. Ìyẹn ò ní kí ayé má gbàgbé Thomson. Orúkọ Dunlop ló wà lára táyà.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, àwọn tọ́rọ̀ wa kàn jù ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, André àti Édouard Michelin. Táyà Dunlop, ńṣe ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Tó bá jò, wàhálà dé nìyẹn. Ní 1891, àwọn Michelin gbé táyà tó ṣeé yọ jáde. Charles Terront fi í gun kẹ̀kẹ́ láti Paris dé Brest àti àbọ̀, òun ló sì gbégbá orókè. Nígbà tí táyà ṣì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó lè béèrè pé èwo ló bá rímù mi mu. Ọjọ́ tí táyà ti ṣeé yọ ni èèyàn ti lè yan èyí tó wù ú, ọjọ́ náà gan-an ló sì ti lè yan èyí tí kò bá a mu.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni mò ń sọ. Kẹ̀kẹ́ tó gbòde kan ní ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn 1888 ń pa rọ́bà jẹ bí iná ṣe ń pa ewé gbígbẹ jẹ. Níbo ni wọ́n ti rí i? Lára ibi tí wọ́n ti rí i ni inú igbó wa níbí. Igi rọ́bà kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Funtumia elastica. Ìjọba Èkó mú àwọn adárọ́bà wá láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kí wọ́n wá kọ́ àwọn èèyàn wa níṣẹ́. Àwọn èèyàn wa kọ́ ọ, wọ́n sì yára kọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1895, rọ́bà tó jáde ní Èkó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lórí ìwọ̀n, ìyẹn ju 2,200 tọ́ọ̀nù lọ, láti inú igbó Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Ìbàdàn àti àyíká wọn. Gbogbo ẹni tó ní àdá ló wọ igbó. Wọ́n dá igi náà láìfún un láyè kí ojú ọgbẹ́ jinná, igi sì ń kú lọ bẹẹrẹbẹ. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí òwò náà fi wó lulẹ̀. Táyà tí àwọn ọ̀dọ́ London àti Paris fi ń ṣe fàájì nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi igi tí bàbá ńlá ẹnìkan nínú wa dá ló wà nínú rẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n ń gbìn lóko ló wá gba ipò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n kó hóró rẹ̀ kúrò ní Brazil lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, kí wọ́n tó kó o lọ sí Éṣíà. Àwa náà gbìn ín lápá Sápẹ́lẹ́ àti Bìní. Ilé ìwádìí rọ́bà ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìyánọmọ̀, nítòsí Bìní, títí dòní.

Nísinsìnyí, ọ̀nà. Rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901. Ẹrù tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dé òkè, bẹ́ẹ̀ orí àti ẹ̀yìn èèyàn ló ń rù ú. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n là ní 1906, ni àwọn tó ń kọ ìtàn ìrìnnà kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ fi sọ́kàn o. Kì í ṣe Èkó. Ìrókò, Fìdítì, Ìlọrà, àwọn ìlú tí ẹ̀yin kàn ń gbà kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀nyí, ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n wà. Ọ̀rẹ́ mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀nà tí táyà mọ́tò ti pẹ́ jù lọ nílẹ̀ yìí lòun ṣubú sí. Mo sọ fún un. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Alùpùpù pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ní 1958, Honda ti Japan gbé Super Cub jáde. Táyà rẹ̀ jẹ́ 2.25-17: ínṣì méjì àti ìdámẹ́rin ni fífẹ̀ rẹ̀, rímù ínṣì 17 ló sì wọ̀ ọ́. Ẹ wo bó ṣe tín-ín-rín tó! Síbẹ̀, alùpùpù tó tà jù láyé nìyẹn. Iye tí wọ́n ti ṣe kọjá mílíọ̀nù 100 ní 2017. Lọ́dọ̀ tiwa, Honda dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Ní abúlé nígbà náà, tí ẹ bá gbọ́ ìró alùpùpù, tíṣà ni, tàbí wolé-wolé, tàbí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Ènìyàn kan ṣoṣo ló máa ń jókòó sórí rẹ̀, bóyá pẹ̀lú ìyàwó.

Ọdún 1986 ni ìjọba Bàbáńgídá gbé ètò SAP dé. Náírà já, ọkọ̀ tuntun di ohun àwámáàrídìí, ọkọ̀ àtijọ́ ò rí páàtì. Alùpùpù bá di táksí. Orúkọ tí wọ́n fún un, ẹ̀fẹ̀ ni. Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè, ló gbajúmọ̀ nígbà náà, ni àwọn aráàlú bá ní báàlú tiwa nìyí. Ní Bìnẹ̀ àti Tógò, zémidjan ni wọ́n pè é, èdè Fọ̀n tó túmọ̀ sí pé kí ó gbé mi kíákíá.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ tí bàbá fọkanáísà fi ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín ti wá. Bajaj Boxer tó kún gbogbo ọ̀nà oko wa, táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ 2.75-17, ti ẹ̀yìn jẹ́ 3.00-17. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iwájú ló ń darí, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ẹ̀yìn ló ń ru èrò, ẹ̀yìn náà ni ṣéènì ń fà, ó gbọ́dọ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ohun tó ń lọ láti oko wá sí ọjà ní agbègbè Akínyẹlé yìí. Àpò ẹ̀gẹ́ méjì, agbọ̀n tòmátì, màmá kan lórí rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn màmá. Táyà 3.00 á máa sọkún. Ọlọ́kadà bá lọ ra 3.25, tàbí èyí tí wọ́n kọ 6PR sí lára, tó túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ sórí rímù kan náà. Ó ṣiṣẹ́! Bí táyà náà ò bá ti ha mádígáàdì tàbí ṣéènì, kò sí wàhálà. Eré rẹ̀ ò ju ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì tọ́, ihò nìkan ló ń yà fún. Ogójì ọdún ni gbogbo wa fi ń wo èyí tó ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ó wọ̀ wá lára: ẹ̀yìn tó tóbi ló lágbára.

Páwà báìkì ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì dà bíi pé ohun kan náà ló ń sọ. Honda CB750 ti 1969, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí bàbá àwọn báìkì eré òde òní, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 4.00-18. Ínṣì mẹ́rin péré, fún ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 67! Ní 1985, Suzuki GSX-R750 dé pẹ̀lú 140/70-18. Ní 1992, Honda Fireblade gbé 180/55-17 dé. Ní 1994, Ducati 916 gbé 190/50-17. Ní 2012, Ducati Panigale 1199 wọ 200/55-17, Honda Fireblade tuntun sì bá a níbẹ̀ ní 2020, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ju agbára ẹṣin 200 lọ. Ẹni tó bá to fọ́tò wọn tẹ̀ léra á rí i pé ẹ̀yìn ń sanra lọ́dọọdún. Òun náà á ní kí tòun sanra.

Ohun tí fọ́tò ò fi hàn ni rímù. Bí táyà ṣe ń fẹ̀ ni rímù ń fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. 160/60, rímù ínṣì 4.50 ni wọ́n ṣe é fún. 180/55, ínṣì 5.50. 190/50, ínṣì 6.00. Ohun tó wà nínú táyà náà yí padà. Àtijọ́, okùn inú táyà máa ń dábùú ara wọn bí okùn ẹní tí wọ́n hun. Michelin ló gba ìwé àṣẹ ní 1946 lórí èyí tí wọ́n ń pè ní radial, tí okùn rẹ̀ lọ tààrà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Kì í gbóná tó ti àtijọ́, ó sì lè fẹ̀ láìga. Mọ́tò lo ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó di àárín ọdún 1980 sí 1989 kó tó wọ inú páwà báìkì. Láìsí i, 180 ò bá má wáyé.

Àwọn tó ń ṣe báìkì pàápàá máa ń bá àṣà sáré o, kí n má purọ́. Láàárín 1983 sí 1985, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi rímù ínṣì 16 síwájú torí pé ó gbayì lórí pápá ìdíje. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sẹ́yìn, ínṣì 17 ló sì jókòó. Ìdíje MotoGP fúnra rẹ̀ lo ínṣì 16.5 títí di 2015 kó tó bá ìyókù ayé lọ sí 17 ní 2016. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ọ̀rẹ́ mi ni pé, tí wọ́n bá yí táyà, wọ́n á yí rímù, wọ́n á sì yí gbogbo báìkì tẹ̀ lé e.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà Ìrókò? Ẹ fojú inú wo àpò gààrí. Tí ẹ bá fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, ikùn rẹ̀ á yọ gọ́gọ́. Táyà 180 tí wọ́n fi há rímù 4.50, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti súnmọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, orí rẹ̀ sì yọ ṣóńṣó. Kò tilẹ̀ fẹ̀ tó 180 mọ́! Owó 180 lo san, ìrísí 180 ò sì dé ilẹ̀. Tí báìkì bá ń lọ tààrà, orí ṣóńṣó yẹn ló ń kan ilẹ̀. Báìkì kì í sì yà bí mọ́tò. Mọ́tò á yí ẹsẹ̀ iwájú, báìkì á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí táyà ṣe rí roboto láti àárín dé etí ni báìkì ń bá yà. Tí ìrísí yẹn bá ti bàjẹ́, ibi tí gùn-ún-gùn-ún bá rò pé táyà wà kọ́ ló wà. Gíga rẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀. Mo ṣírò rẹ̀: 160/60 lórí ínṣì 17 ga tó mílímítà 624, 180/55 ga tó 630. Ìdí nìyẹn tí ojú ò fi rí ewu náà nígbà tí báìkì dúró sójú kan. Kódà ó ń lọ dáadáa láti Òjóò dé Akínyẹlé, torí ọ̀nà tọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Bàbá fọkanáísà fi ọ̀dà funfun kun àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà kí ọ̀rẹ́ mi lè rí i. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: 1114. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọdún 2014. Táyà tí wọ́n tà fún un ní tuntun ti ń gbó nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú kọ̀ntánà láti ìgbà tí ẹlòmíì nínú yín wà ní ilé ìwé girama. Kò tíì gun ọ̀nà kankan rí, ó ti le bí awọ bẹ̀m̀bẹ́ tí oòrùn ti yan.

Bí a ṣe dé ibí náà ní ìtàn. Nígbà kan, àwa fúnra wa là ń ṣe táyà. Dunlop dé Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Michelin wà ní Port Harcourt. Iná mànàmáná ò dúró, táyà òkèèrè olówó pọ́ọ́kú kún ọjà. Michelin dáwọ́ iṣẹ́ táyà dúró níbí ní 2007, Dunlop náà ò pẹ́ tẹ̀ lé e. Látìgbà náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo táyà tó wà lábẹ́ wa, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti wá, tuntun àti tòkunbọ̀ pọ̀ mọ́ra. Ìlú tó dá rọ́bà ní 1895 títí igi fi kú wá ń ra táyà tí ẹlòmíì ti lò sílẹ̀. Inú máa ń bí mi sí ìyẹn, ẹ má bínú.

Ní 2012, òfin ìrìnnà tuntun ti Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò lórí ọ̀nà 475, ṣùgbọ́n ó yọ alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 200cc sókè sílẹ̀. Ojú mi ni mo fi rí bí báìkì ńlá ṣe pọ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń gbé ẹrù kiri àti àwọn tó ń gùn ún ṣe fàájì lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n wọ Ìbàdàn náà. Ọ̀pọ̀ wọn, orí ọ̀kadà ni ọwọ́ wọn ti mọ́. Àwọn mẹkáníìkì tó ń bá wọn ṣe é, orí ọ̀kadà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ 3.25 lórí rímù 3.00 ló wà lọ́kàn gbogbo wa, òun la sì gbé sórí ohun tó ń sáré tó igba kìlómítà ní wákàtí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra táyà ẹ̀yìn lọ́la, ẹ má tíì wo táyà. Ẹ wo rímù. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sí i lára, 4.50 tàbí 5.50 tàbí 6.00, ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò, ẹ ó rí i. Ẹ wá wo sítíkà tó máa ń wà lára irin tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú tàbí lára ìbòrí ṣéènì: ilé iṣẹ́ ti kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà àti lẹ́tà tó gbẹ̀yìn lára táyà. 69 túmọ̀ sí pé ó lè ru kìlógíráàmù 325, 73 túmọ̀ sí 365. W túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò dé kìlómítà 270 ní wákàtí. Tiyín lè ju ohun tí ilé iṣẹ́ kọ lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ wá wo nọ́ńbà mẹ́rin ti ọ̀sẹ̀ àti ọdún. Àwọn Road Safety ti ń pariwo rẹ̀ fún onímọ́tò láti ọdún pípẹ́, alùpùpù ò yàtọ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ má da ara yín láàmú, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ìró owó yín.

Ọ̀rẹ́ mi rí 160/60 ra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ kò dá owó padà, kò sì gbé fóònù mọ́. Nígbà tí orúnkún jinná, àwa méjèèjì jọ lọ sí Ìrókò, èmi nínú mọ́tò, òun lórí báìkì. Ó ní ẹsẹ̀ òun wá ń gbọ́ràn. Ó dúró kí bàbá fọkanáísà, ó sì mú ọsàn Fìdítì dání fún un. Táyà 180 náà wà lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀. Bàbá ti ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun kun ìdajì tó kù, ó kọ "VOCANIZER" sí i lára láìsí lẹ́tà L. Ọlọ́kadà kan jókòó lé e, ó ń dúró kí wọ́n bá òun lẹ 3.25 tó ti jò.